Evo IX mi: bí mo ṣe tún igun kámù ṣe kí tọ́bò lè tètè jí

Coventry ni mò ń gbé. Ọkọ̀ tí mo ń wà ni Mitsubishi Lancer Evolution IX, FQ-320, ọdún 2006. Ẹ́ńjìnnì 4G63 ló wà nínú rẹ̀: sílíńdà mẹ́rin, 1,997 cc, tọ́bò kan (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì). Evo IX ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé Evolution tí wọ́n fi MIVEC sí, ìyẹn ẹ̀rọ Mitsubishi tó ń yí ìgbà tí fáàfù ń ṣí padà. Kámù méjì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ṣùgbọ́n kámù tó ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ nìkan ni MIVEC lè yí. Kámù èéfín kì í kúrò níbi tí bẹ́líìtì bá gbé e sí. Ọ́ìlì ló ń ti kámù afẹ́fẹ́: brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á rán iná sí fáàfù ọ́ìlì kékeré kan, ọ́ìlì á wọnú gíà tó wà lórí kámù, kámù á sì yí síwájú, láti 0 dé nǹkan bí 30 dígírì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pé ọ́ìlì ló ń tì í yìí sọ́kàn, torí mo gbàgbé rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé iṣẹ́ mi, pẹ̀lú iye tí mo ná àti ibi tí mo ti ṣìṣe.

1. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà

Mo pààrọ̀ páìpù èéfín sí oníwọ̀n ínǹsì 3. Mo rò pé tọ́bò á túbọ̀ yára, ṣùgbọ́n ṣe ló ń wọ́ bí ẹni tó ń sùn. Tí mo bá wà ní gíà 3, tí mo tẹ iná mọ́lẹ̀ láti 2,000 rpm (ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan), búùsìtì (ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́ wọlé) kì í pé 1.5 bar títí abẹ́rẹ́ á fi kọjá 3,900. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú ọkọ̀ yìí gan-an, tọ́bò kan náà, tiẹ̀ sì máa ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 3,400.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo gba máàpù ẹlòmíràn (àwọn tábìlì nọ́ńbà tí brain box ń tẹ̀ lé) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo dà á sínú brain box mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ náà kò yí padà rárá. Mo tún wá òmíràn, bákan náà ni. Mo ń fún aláìsàn lóògùn láìtíì bi í pé kí ló ń ṣe é.

2. Irinṣẹ́ àti owó

Wáyà Openport 2.0 àlòkù, £95. Sọ́fítíwíà EcuFlash ni mo fi ń ka máàpù tí mo sì fi ń kọ ọ́, mo sì ń fi EvoScan gba àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Sẹ́ńsọ̀ wideband tó ń ka bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe rí nínú èéfín, £185. Géèjì tí a fi ń wọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀n (ìfúnpá inú sílíńdà), £28. Ọ́ìlì 20W-50 tí mo dà nù lẹ́yìn náà, £32. Ọ́ìlì 5W-40, ike lítà 5, £46. Fílítà ọ́ìlì, £9. Òrùka rọ́bà fún fáàfù ọ́ìlì, £4. Kílíìpù kan, £6. Dáínò (ẹ̀rọ tí a ń gbé ọkọ̀ lé láti wọn agbára rẹ̀), wákàtí 2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, £130; wákàtí 3 lọ́jọ́ kejì, £195. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £730. Nínú rẹ̀, £162 ló ṣòfò, ìyẹn owó ọ́ìlì àkọ́kọ́ àti ọjọ́ dáínò àkọ́kọ́.

Ẹ rí i pé dáínò tí ẹ máa lò gba táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Evo fi ń wọ́ ara rẹ̀, kò ṣeé gbé sórí oníméjì.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú brain box, ẹ kọ́kọ́ ka èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Ti bátìrì bá rẹ̀ láàárín ìkọ̀wé, brain box lè kú sí yín lọ́wọ́.

3. Mo yẹ ara ẹ́ńjìnnì wò

Mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀n: 158, 160, 157, 160 psi. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo fi ìdérí ike dí ẹnu páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí tọ́bò, mo fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ 1.5 bar sínú rẹ̀, mo wá ń fi ọṣẹ olómi wọ́n gbogbo oríkèé. Èéfófó ru sókè lábẹ́ intercooler (ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára), níbi tí kílíìpù ti dẹ̀. Kílíìpù tuntun yẹn ni £6. Búùsìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pé ní 3,750. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì tó.

4. Ohun tí brain box béèrè àti ohun tí kámù fún un

Ibí ni ojú mi ti là. Mo ní kí EvoScan máa gba igun tí brain box béèrè àti igun tí kámù wà gan-an, kí méjèèjì wà lórí ìlà àkókò kan náà. Mo lọ sí ojú ọ̀nà tó ṣófo lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, gíà 3, láti 2,500 dé 4,500 rpm, mi ò kọjá 60 máìlì tí òfin gbà níbẹ̀. Àbúrò mi ló di laptop mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó yẹ kó máa wa ọkọ̀ kó tún máa wo nọ́ńbà.

Ní 3,000 rpm, brain box béèrè 25 dígírì, kámù wà ní 11. Ní 3,500, ó béèrè 25, kámù wà ní 17. Ní 4,200, ó ti ní kí kámù padà sí 18, kámù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé 24. Àṣẹ tó ti kọjá ni kámù ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí máàpù méjì tí mo dà sínú rẹ̀ kò fi ṣe nǹkan kan. Ẹ lè kọ nọ́ńbà tó dára jù lọ sínú tábìlì yẹn. Bí kámù kò bá gbọ́, asán ni.

5. Ọ́ìlì àti fáàfù

Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ládípọ̀.

“Ẹ kú ojúmọ́, ọ̀gá. Kámù ọkọ̀ mi ló ń lọ́ra. Ó ń pẹ́ kó tó yí.”

“Kú ojúmọ́, ọmọ mi. Ọ́ìlì wo ló wà nínú ẹ̀?”

“20W-50 ni, sà. Bí ẹ ṣe kọ́ wa.”

“Nínú òtútù tó wà níbẹ̀ yẹn? Tú u dànù. Ooru Èkó ni mo kọ́ yín fún.”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ fèsì. Ọdún mẹ́rin tí mo fi kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tó bá ti rìn jìnnà, 20W-50 là ń dà sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí ẹ́ńjìnnì kì í tutù níbẹ̀. Mo gbé àṣà yẹn wá síbi tí yìnyín ti ń bo gíláàsì ọkọ̀ láàárọ̀. Ọ́ìlì tó ki báyìí kò lè yára gba ojú ihò tín-ín-rín inú gíà kámù.

Mo tú u, mo da 5W-40 sí i pẹ̀lú fílítà tuntun, mo jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná kọjá 80°C, mo tún gba àkọsílẹ̀. Ní 3,000 rpm: ó béèrè 25, ó rí 17. Ó ti kúrò ní 11, ṣùgbọ́n ó ku 8.

Mo wá yọ fáàfù ọ́ìlì. Sípánà 10 ló gbà: ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà, ẹ tú bóòtì kan ṣoṣo, kí ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á jáde. Ẹ má fi àlùgbágbá fà á. Mo wọn wáyà inú rẹ̀, 7.3 ohm, kò bàjẹ́. Mo fi iná 12 volt kan án fẹ́ẹ́rẹ́, ó dún tọ́, àmọ́ ọ̀pá inú rẹ̀ kò rìn dé òpin. Ìdọ̀tí dúdú bí èédú ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo fi kílínà kábúrẹ́tọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ ẹ gbẹ, mo tún fi iná kàn án. Ó lọ ó bọ̀ láìkọsẹ̀.

Mo dá a padà pẹ̀lú òrùka rọ́bà àtijọ́, torí pé ojú lásán kò rí àbùkù lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ́ìlì ti kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ rà á tuntun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. £4 péré ni.

Àkọsílẹ̀ kẹta: ó béèrè 25, ó rí 24 ní 3,000, ní 4,200, ó béèrè 18, ó rí 18. Mo dá máàpù ilé iṣẹ́ padà sínú brain box, búùsìtì sì pé 1.5 bar ní 3,550. Mi ò tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú tábìlì.

6. Ọjọ́ dáínò àkọ́kọ́: mo kùnà lọ́nà mẹ́ta

Kìkì ohun rere tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni pé mo kọ́kọ́ wọn máàpù ilé iṣẹ́ kí n tó yí i. Ó fún mi ní tọ́ọ̀kì (agbára ìyípo) 361 Nm lára táyà ní 3,500 rpm, àti agbára ẹṣin 322 lókè. Ó dùn mí pé mi ò gbé ọkọ̀ náà lọ kí n tó fọ fáàfù, èmi ì bá mọ iye tí ìdọ̀tí yẹn ń jẹ.

Ìkùnà kìíní: mo fi 30 dígírì sí gbogbo ibi láti 2,500 dé 5,000. Mo rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù. Láti 4,300 lọ sókè, nọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀kì tí a máa ń sọ nílé pé ẹ́ńjìnnì ti “knock”, tó túmọ̀ sí pé ó ti kú. Èyí ni epo tó ń gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà kí iná tí plọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa di ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ìyípo bá ti ga, ìfúnpá èéfín tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́bò máa ń ju ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lọ. Tí fáàfù méjèèjì bá wà ní ṣíṣí papọ̀ lásìkò yẹn, èéfín gbígbóná ló ń padà sínú sílíńdà.

Ìkùnà kejì pẹ́ kó tó yé mi, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Ní 3,200 rpm, wideband ka 12.6 (afẹ́fẹ́ 12.6 sí epo 1), nígbà tí mo ń fojú sí 11.4. Mo ní epo ò tó, mo fi kún un. Ó ṣì ń ka 12 àti díẹ̀. Mo tún fi kún un. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín dúdú, ó ń ta kọ̀ọ̀, tọ́ọ̀kì sì lọ sílẹ̀. Òótọ́ rẹ̀ ni pé epo tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìyípo kékeré, búùsìtì lágbára ju èéfín lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tútù ń gba orí sílíńdà kọjá tààrà lọ sínú páìpù èéfín nígbà tí fáàfù méjèèjì ṣí. Afẹ́fẹ́ tí kò bá epo jó yìí ni wideband ń kà. Afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń ran tọ́bò lọ́wọ́ láti tètè jí, a kò fẹ́ lé e lọ. Ohun tó yẹ ni kí n dá epo padà síbi tó wà, kí n máa wo tọ́ọ̀kì àti nọ́ọ̀kì, kí n má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà wideband nìkan ní àdúgbò yẹn.

Ìkùnà kẹta: nígbà tí mo fẹ́ sá fún nọ́ọ̀kì, mo ní kí igun já láti 25 ní 4,000 sí 5 ní 4,500. Kámù kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjá ibi tó yẹ, ó tún padà, ìlà tọ́ọ̀kì sì jìn kòtò. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ á rò pé ẹnì kan tẹ bíréèkì.

Wákàtí méjì parí. Mo dá máàpù ilé iṣẹ́ padà, mo wa ọkọ̀ lọ sílé.

7. Ọjọ́ kejì: igun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo padà lọ pẹ̀lú ètò tó rọrùn. Mo ti ṣe máàpù méje sílẹ̀ nílé. Nínú ìkọ̀ọ̀kan, igun kan náà ló wà nínú gbogbo àpótí tábìlì kámù tí ẹ́ńjìnnì máa ń wọ̀ tí búùsìtì bá wà: 0, 5, 10, 15, 20, 25, 30. Àwọn àpótí tó jẹ́ ti ìdúró lásán àti ti ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìdúró nílò 0 kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbọ̀n. Mo dín búùsìtì kù sí 1.2 bar fún gbogbo ìdánwò yìí, mo sì fà táímìn iná (ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ta iná) sẹ́yìn ní dígírì 3, kí ohunkóhun má bàa bàjẹ́ níbi tí igun kò bá bá ìyípo mu.

Gíà 4, láti 2,000 dé 7,200 rpm, ẹ̀ẹ̀mejì fún igun kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi ń jẹ́ kí fáànù tu intercooler lára láàárín méjì. Ẹ má fo èyí. Nígbà kan tí mo kánjú, 20 dígírì dà bí ẹni pé kò dára tó 15. Ooru ló fà á. Mo tún un ṣe, 20 sì yọrí ju 15 lọ láti 3,000 dé 4,000.

Lẹ́yìn náà, a to ìlà tọ́ọ̀kì méjèèje lé ara wọn lójú kan. Ohun tó hàn wú mi lórí gan-an. Ìlà 30 àti 25 ló ga jù nísàlẹ̀, láti 2,500 dé 3,600. Ìlà 20 gbà á lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí 3,900. Ìlà 15 gorí rẹ̀ lẹ́yìn 4,600. Ìlà 10 wá gorí ti 15 ní nǹkan bí 5,200. Láti 6,400 lọ, 0 ló borí gbogbo wọn. Kò sí igun kan tó dára níbi gbogbo. Ibi tí ìlà kan bá ti gba ipò lọ́wọ́ èkejì ni a ó ti yí igun.

8. Tábìlì tí mo kọ

Mo tẹ̀ lé ìlà tó ga jù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, mo wá dán an kí ó má bàa fò. Òfin tí mo fún ara mi ni pé igun kò gbọdọ̀ yí ju dígírì 5 lọ láàárín 500 rpm bó bá ń lọ sílẹ̀. Fún ìwúwo ẹrù (nọ́ńbà tí brain box fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ẹrù inú ọkọ̀) tó ju 200 lọ:

2,500 rpm: 25
3,000: 28
3,500: 27
4,000: 22
4,500: 18
5,000: 13
5,500: 9
6,000: 5
6,500: 2
7,000: 0

Ti ọkọ̀ mi nìyí o, pẹ̀lú kámù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, tọ́bò tó bá a wá, epo 99 RON, àti páìpù ínǹsì 3. Tí ẹ bá ti fi kámù tó ga sí i, ẹ kọ́kọ́ wọn àyè tó wà láàárín fáàfù àti písítìn nígbà tí igun bá wà ní òpin. Fáàfù tó bá gbá písítìn, iṣẹ́ ti di ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì.

9. Iná plọ́ọ̀gì

Mo dá búùsìtì padà sí 1.5 bar, mo sì dá táímìn iná padà síbi tó wà. Ìfàgùn àkọ́kọ́ (ìdánwò kan lórí dáínò): nọ́ńbà nọ́ọ̀kì fò sí 9 ní 3,600 rpm. Nínú brain box Evo, ìṣírò 3 ló ń fà dígírì kan sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ó ti fà 3 sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ó yé mi: afẹ́fẹ́ tó ń wọ sílíńdà níbẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, táímìn àtijọ́ kò bá a mu mọ́. Ní àpótí tí ẹrù rẹ̀ wà láàárín 260 sí 280, mo mú iná láti 6 wá sí 4. Nọ́ọ̀kì di 1, nígbà mìíràn 0. Ìfàgùn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e rí bákan náà, mo sì dúró níbẹ̀. Mo lè wá dígírì kan sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mo ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ni.

10. Ohun tí mo rí

1.5 bar ń pé ní 3,300 rpm. Láti 3,900 la ti bẹ̀rẹ̀: kílíìpù mú 150 kúrò, ọ́ìlì àti fáàfù mú 200, tábìlì tuntun mú 250. Tọ́ọ̀kì ní 3,500 kúrò ní 361 dé 398 Nm. Agbára òkè kúrò ní 322 dé 327, mo sì gbà pé 5 yẹn kéré tó láti jẹ́ àṣìṣe dáínò. Àárín ni iṣẹ́ yìí wà fún. Tí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ M6 báyìí, mi ò ní láti yí gíà kí n tó rí agbára.

Kòtò kékeré kan ṣì wà ní 4,250 rpm tí mi ò tíì rí ìdí rẹ̀. Mo ti gbé igun ibẹ̀ sókè ní 2, mo ti gbé e sílẹ̀ ní 2, kò yí padà. Mo fura sí fáàfù wastegate (èyí tó ń darí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kí búùsìtì má bàa pọ̀ jù), òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn èyí.

Lẹ́yìn 3,000 máìlì, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sì tún yọ fáàfù yẹn wò, pẹ̀lú òrùka rọ́bà tuntun lọ́wọ́. Ọ̀pá inú rẹ̀ ń dán. Àkọsílẹ̀ tí mo gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà: 28 ni brain box béèrè ní 3,000 rpm, 27 ni kámù fún un.